Sólà Tí Mo Kọ Ojú Rẹ̀ Sí Títì

Nígbà tí ìyá wa kú, Bàbá kúrò ní Iléṣà, wọ́n wá sọ́dọ̀ wa ní Benin. Èmi ni àkọ́bí, ọ̀dọ̀ mi ló yẹ kí wọ́n máa gbé. Kò sẹ́ni tó bá mi jiyàn lórí ìyẹn. Àbúrò mi gan-an ló gbé àpò wọn wọ ilé mi. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí Bàbá fi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ni. Iná ìjọba kì í fi bẹ́ẹ̀ wá sí àdúgbò wa, tí mo bá sì ti tan jẹnẹrétọ̀, Bàbá á fi aṣọ bo imú, wọ́n á lọ jókòó síta. Lọ́jọ́ kan àbúrò mi ní kí wọ́n wá sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ òun, nítorí sólà lòun ń lò. Bàbá lọ, wọn ò sì padà.

Inú bí mi. Kí n má parọ́, owú ni, owú gidi. Àbúrò mi yìí, olùkọ́ yunifásítì tí kò ra ju ṣẹ́ẹ̀tì méjì lọ lọ́dún, òun ni bàbá mi ń gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nínú ìjọ tí àwa Yorùbá Benin ti ń jọ́sìn, àwọn àgbà á dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á béèrè Bàbá lọ́wọ́ mi. Màá ní wọ́n wà dáadáa. Wọ́n á ní, lọ́dọ̀ àbúrò yín, àbí? Màá rẹ́rìn-ín, màá sì tètè lọ wá mọ́tò mi.

Páìpù àti tánkì omi ni mò ń tà ní Sapele Road. Nígbà tí mo gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sílé, mo ní kí wọ́n gbé irin tánkì mi ga kọjá ti gbogbo àdúgbò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, níbi tí tọmọdé tàgbà á ti máa rí i. Ìpolówó ọjà ni lójú mi. Ó sì máa ń dùn mọ́ mi tí àwọn ọlọ́kadà bá ń fi í júwe ilé mi.

Mo lọ wo sólà àbúrò mi. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ wá, mo ní mo ti yó. Mo wo iwájú ilé, n ò rí nǹkan kan. Ẹ̀yìnkùlé ló mú mi lọ, ó wá nawọ́ sí òrùlé ilé ìdáná: páńẹ́lì bíi mélòó kan, tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ gbalaja bí ẹni sá aṣọ. Kò sí ẹni tó ń kọjá ní títì tó lè mọ̀ pé ó ní sólà. Mo rẹ́rìn-ín nínú ara mi. Irú kí ni ènìyàn máa rà táá tún lọ fi pamọ́? Mo ti pinnu kí n tó wọ mọ́tò pé tèmi gbọ́dọ̀ pọ̀ ju tirẹ̀ lọ, kí gbogbo ayé sì rí i.

Àwọn tí mo pè wá ṣe é fẹ́ gbé e sí ẹ̀yìn ilé. Mo ní iwájú ni. Wọ́n ní iwájú ilé mi kọjú sí ibi tí oòrùn ń wọ̀, oòrùn àárọ̀ ò ní tètè dé ibẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá ojú ọ̀run tó wà níwájú yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn. Mo tún ní kí wọ́n gbé páńẹ́lì náà nàró sórí irin lórí òrùlé, ní ìlà méjì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kí ẹni tó bá yọ ní ìkóríta ti máa rí i. Wọ́n ṣe bí mo ṣe wí.

Èmi fúnra mi ni mo lọ gbé Bàbá padà wálé. Fáànù ń fẹ́ yẹ́ẹ́, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀, ọkàn mi balẹ̀. Ìròyìn alẹ́ ò tíì parí tí gbogbo rẹ̀ fi kú. Bó ṣe rí lọ́jọ́ kejì nìyẹn, àti ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Mo bú ẹni tó ta bátìrì fún mi. Mo ra páńẹ́lì sí i, mo ní kí wọ́n há a mọ́ ibi tó kù níwájú níbẹ̀, síbẹ̀ kò yàtọ̀. Bàbá kàn mú abẹ̀bẹ̀ wọn, wọ́n lọ síta.

Ìyàwó mi ló pe àbúrò mi láìsọ fún mi. Ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Kò wo bátìrì rárá. Ó dúró nídìí géètì, ó gbójú sókè, ó wá ní kí n jọ̀ọ́ wá wo nǹkan. Òjìji tánkì mi ti ń rá bọ̀ lórí òrùlé, ó ti bo páńẹ́lì tó wà ní ìkángun. Ìlà iwájú pàápàá ń ṣíji bo ìlà ẹ̀yìn. Ó ní kí ìyàwó mi lọ dúró ti ẹ̀rọ tó wà nínú ilé, kó máa wo nọ́ńbà ojú rẹ̀ tó ń sọ iye iná tí oòrùn ń mú wọlé. Ó gun àkàbà, ó fa aṣọ ìnura kan bo ọ̀kan péré nínú àwọn páńẹ́lì tí oòrùn ń pa. Ìyàwó mi ké láti inú ilé pé nọ́ńbà náà ti já wálẹ̀.

Ó sọ̀kalẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n so gbogbo wọn pọ̀ ni. Òjìji tó bá bo ọ̀kan, àwọn tó kù náà ló ń dí lọ́wọ́. Tánkì yín ló ń gba oòrùn yín láti ọ̀sán lọ."

Ká ní ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ì bá sàn fún mi. Jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, ó ń pè mí ní ẹ̀yin. Ó ní kí n kó wọn lọ sẹ́yìn, kí n tẹ́ wọn sílẹ̀ díẹ̀, kí n sì fi àyè sáàárín wọn. Mo kọ́kọ́ yarí. Nígbà tó yá, mo pe àwọn oníṣẹ́, wọ́n tú gbogbo rẹ̀, wọ́n tò ó sórí òrùlé ilé ìdáná mi, gẹ́lẹ́ bíi tirẹ̀. Mi ò wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Iná wá dé lóòótọ́. Fáànù ń ṣiṣẹ́ mọ́jú. Mo ní ó parí, Bàbá ti di tèmi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá Bàbá ní fàráńdà pẹ̀lú àpò wọn. Mo bi wọ́n ohun tí mo fi jẹ wọ́n níyà. Àbíkẹ́yìn mi ń kọjá lọ, Bàbá ní kó dúró, wọ́n bi í pé níbo ló ń lọ.

"Grandpa, I wan go buy bread," ó sì ti sá lọ.

Bàbá wò mí. "Iná rẹ dára, ọmọ mi. Ó mọ́lẹ̀ ju ti àbúrò rẹ lọ. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ dalẹ́ nínú ilé yìí, àwọn ọmọ ò lè bá mi sọ̀rọ̀ kó yé mi. Kì í ṣe iná ni mo tẹ̀ lé lọ sọ́hùn-ún."

Mo gbé wọn lọ. A ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ọmọbìnrin àbúrò mi, èyí tó kéré jù, fi sáré jáde. Ó kúnlẹ̀, ó sì di aṣọ Bàbá mú.

"Bàbá, ẹ kú àtijọ́. Ẹ ò tíì sọ bí ẹ ṣe bọ́ lọ́wọ́ ajá yẹn lọ́jọ́ tí ẹ jí ìbẹ́pẹ olóko ká."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín, irú èyí tí n kò gbọ́ látìgbà tí ìyá wa ti kú. Wọn ò mu omi, wọn ò bọ́ bàtà, wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò wọn lọ́wọ́, mò ń fetí sílẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí wọn, mi ò mọ̀ pé ajá kankan lé bàbá mi rí.