Ìró Eléwé Tútù Lọ́jọ́ Gálílì

Èmi ni mo bọ́ ẹ̀wù náà fúnra mi. Dàpọ̀ kò bẹ̀ mí, kò sì sẹ́ni tó fipá mú mi. Mo tètè ń sọ ọ́ nítorí pé bí mo bá kọ́kọ́ ròyìn bí òwúrọ̀ ọjọ́ náà ṣe dára tó, ẹ lè máa rò pé òwúrọ̀ ló jẹ̀bi.

Òwúrọ̀ náà dára lóòótọ́. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ mọ́jú, eruku ẹ̀ẹ̀rùn ti mumi yó, gbogbo àgbàlá wa ní Ààyè-Èkìtì ń ta sánsán bí ìkòkò tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi sí. Òórùn èédú inú áyọ́ọ̀nù màmá mi wá dà pọ̀ mọ́ ọn, pẹ̀lú òórùn aṣọ tó pẹ́ nínú àpótí. Títí di òní, bí òjò àkọ́kọ́ ọdún bá ti kan ilẹ̀, òórùn áyọ́ọ̀nù yẹn ló máa ń gba imú mi, bí kò tilẹ̀ sí áyọ́ọ̀nù nítòsí.

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ni, ọjọ́ tí a máa ń lọ sí Gálílì. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ bó ṣe ń rí. Gbogbo ìjọ á kó oúnjẹ, wọ́n á gun àpáta pẹrẹsẹ tó wà lẹ́yìn ilé ìwé, wọ́n á kọrin, wọ́n á jẹun títí oòrùn á fi rọ̀. Ohun tí àwọn àgbà ń wá lọ síbẹ̀ nìyẹn. Ní ti àwa ọmọdé, aṣọ ni Gálílì. Àsìkò tí koríko ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ orí, tí igi ń pààrọ̀ ewé, ni àwa náà ń pààrọ̀ awọ. Ohun tí àwọn ọmọkùnrin ńlá bá wọ̀ dé láti Adó tàbí Èkó lọ́jọ́ Jímọ̀ ni gbogbo wa á ti máa lá lálàá kó tó di ọjọ́ Ajé.

Lọ́dún yẹn, bàgí ni. Jíǹsì tó fẹ̀ bí àpò kòkó, tó ní àpò lórúnkún, tí ẹnu rẹ̀ ń gbálẹ̀ lẹ́yìn ẹni tó wọ̀ ọ́. Ẹni tí kò bá ní bàgí, ọmọ ọwọ́ ìyá rẹ̀ ṣì ni.

Télọ̀ ni màmá mi. Yàrá iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn kàlẹ́ńdà sítáì wà lára ògiri, àwọn obìnrin tó kọ́wọ́ síbàdí, tí nọ́ńbà wà lábẹ́ ẹsẹ̀ oníkálùkù. Oníbàárà á wọlé, á na ìka sí nọ́ńbà kan. Màmá mi kì í dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Á ní, "Ẹ rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ padà wá." Onítọ̀hún á rìn, màmá mi á sì fi abẹ́rẹ́ sáàárín ètè, á máa wò ó. Lẹ́yìn náà á ní, "Ó yẹ yín," tàbí kó ní, "Apá èyí máa há yín, nítorí ẹ máa ń ju apá. Ẹ jẹ́ ká tú u sílẹ̀ díẹ̀."

Ìyá kan tó máa ń gbé ẹ̀gẹ́ wá láti ìlú Orin bínú lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Ìyá Káyọ̀, ṣé ẹsẹ̀ mi lẹ fẹ́ rán ni, àbí aṣọ?"

Màmá mi rẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ ló máa gbé e jáde, ìyá mi."

Ó ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ràn láti máa sọ bó bá ń wa ẹ̀rọ: "Ulé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde." Bí mo bá ń yọ ọ́ lẹ́nu jù, á fi òmíràn kún un: "Ènìyàn ló ń wọ aṣọ. Aṣọ kì í wọ ènìyàn."

Nígbà tí mo sọ fún un pé bàgí ni mo fẹ́, ó ní kí n rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà. Mo wọ́ ẹsẹ̀ lọ, mo wọ́ ọ bọ̀, bí àwọn ọmọ Adó ṣe ń ṣe.

"Ìrìn ta nìyẹn?"

"Tèmi ni, mà."

"Tìẹ kọ́. Ìwọ máa ń fò sókè díẹ̀ bí o bá ń rìn, bí ẹni tó rí nǹkan lọ́ọ̀ọ́kán. Aṣọ fúyẹ́fúyẹ́ ló yẹ ọ́, èyí tí atẹ́gùn á lè bá ọ gbé."

Ó ṣí àpótí rẹ̀, ó mú ìró kan jáde. Ànkárá ni, àwọ̀ ewé tútù, pẹ̀lú òdòdó wẹ́wẹ́ tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Mo rí i tó gé apá kan rẹ̀, tó fi rán ẹ̀wù fún mi. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni bàbá mi, tó ń ṣe oko kòkó lápá Oǹdó tó sì máa ń pẹ́ kó tó wálé, sọ fún mi pé ìró tí òun rà fún màmá mi nígbà ìkómọ mi ni.

Lówúrọ̀ Gálílì yẹn, ó wọ ẹ̀wù náà fún mi, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn, ó sì fà sẹ́yìn láti wò mí. Òun náà ti ró ìyókù ìró náà. Kò ká a bó ṣe yẹ mọ́, ó ní láti máa fi ọwọ́ kan dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gbé kúlà oúnjẹ karí. "Máa bọ̀ kíá, kí a jọ gun àpáta."

Mo ní mo ń bọ̀, àmọ́ ilé Dàpọ̀ ni mo lọ.

Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ni Dàpọ̀ ń gbé, ní agboolé kejì sí tiwa. Ìyá rẹ̀ ti kú kó tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló fi bàgí ránṣẹ́ sí i láti Èkó, Dàpọ̀ sì ń mú un kiri bí ẹni tí wọ́n fún ní màlúù tí kò ní okùn. Lẹ́yìn ilé ìdáná wọn ni mo ti bọ́ ẹ̀wù mi, mo ní, "Gba èyí, fún mi ní bàgí yẹn." Ojú ẹsẹ̀ ló gbà. Ṣùgbọ́n kó tó wọ̀ ọ́, ó kọ́kọ́ gbé e sí imú. Mo bi í pé ṣé ó ń rùn ni. Ó ní, "Rárá. Òórùn ilé yín ló ní."

Ẹ̀wù àtijọ́ kan tó fún mi ni mo wọ̀ sórí bàgí náà, mo fi okùn so ìbàdí rẹ̀, mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ kí màmá mi má baà rí mi. Ẹnu ṣòkòtò náà ń mumi nínú koríko, ó ń wúwo sí i. Ìgbà tí mo fi dé orí àpáta, Dàpọ̀ ti débẹ̀. Afẹ́fẹ́ wọ ẹ̀yìn ẹ̀wù náà, ó gbé e sókè díẹ̀, ó sì tún rọra gbé e sílẹ̀. Mi ò tíì rí aṣọ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyàwó olórin kan, tó bá ọkọ rẹ̀ wá láti Ìdó, ló rí i. Ó wo ìró màmá mi, ó wo ẹ̀wù Dàpọ̀. "Ẹ̀n-ẹ́n, ọmọ yín rèé. Aṣọ yìí mà yẹ yín o."

Dàpọ̀ di ọrùn ẹ̀wù náà mú, ó sì wolẹ̀. Màmá mi gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì bá tèmi níbi tí mo dúró sí. Kò pẹ́ púpọ̀ tó fi wò mí. Lẹ́yìn náà ó fa Dàpọ̀ mọ́ra, ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe.

"Ọmọ mi ni," ló wí.

Itan adìyẹ tó fi bébà wé sọ́tọ̀ fún mi, òun ló gbé lé Dàpọ̀ lọ́wọ́. Obìnrin náà wá nàka sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ta ló ni ìyẹn tó ń bá wa gbá orí àpáta?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Màmá mi kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú.

"Òun náà á dé ulé tó bá yá."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kò bá mi wí. Ó ní kí Dàpọ̀ máa mú ẹ̀wù náà lọ. Ó tú ẹ̀gbẹ́ bàgí náà, ó dín in kù, ó gé ẹnu rẹ̀, ó sì gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. "Bí o bá máa wọ̀ ọ́, jẹ́ kó bá ẹsẹ̀ rẹ mu." Láti ìgbà náà, bó bá fẹ́ ránṣọ fún mi, ńṣe ló máa ń béèrè pé, "Èwo lo fẹ́?" Kò ní kí n rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà mọ́. Mo rò nígbà náà pé mo ti borí.

Aṣọ òkìríkà ni mò ń tà báyìí ní Ọ̀yẹ́, lójú ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, wọ́n á dé pẹ̀lú àwòrán nínú fóònù. "Bọ̀ọ̀dá, irú èyí ni mò ń wá." Mi kì í dá wọn lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo máa ń ní, "Ẹ rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ padà wá." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rìn. Ọmọ tó wọ́ ẹsẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà nígbà yẹn, èmi tí mò ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn lónìí ni, àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá mo mọ ìrìn ara mi ju tìgbà náà lọ.

Dàpọ̀ kì í pa Àjíǹde jẹ. Láti Èkó ló ti máa ń wá, òun ló ń bá màmá mi gun àpáta, nítorí àsìkò yẹn ni ọjà mi ń yá. Lọ́dún tó kọjá mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ. Ẹsẹ̀ màmá mi kò gbé e dé ibẹ̀ mọ́. Ẹnu ọ̀nà la jókòó sí, à ń gbọ́ orin láti òkè. Àjákù ìró náà wà lórí itan rẹ̀, ó ti ṣá.

Owó kọ́ ni mo jẹ màmá mi ní gbèsè. Ìrìn kan ni, láti ẹnu ọ̀nà wa dé orí àpáta, ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nínú aṣọ kan náà, kí obìnrin kan tí kò mọ̀ wá rí lè bi í pé ọmọ ta ni mí.