Àgbọ̀n Jímọ́ọ̀ Kì Í Ṣe Ti Ekpè

Gbogbo ènìyàn ló ń fi ẹnu jẹun, ṣùgbọ́n tèmi tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi Jímọ́ọ̀ ni mo ń pe èrò sí ọkọ̀ Pobè ní ibùdókọ̀ kan ní Kùtọnu. Bí mo bá lanu, ẹni tó ń lọ sí Calavi pàápàá á ṣèèṣì wọ ọkọ̀ wa. Nígbà tí jẹjẹrẹ máa wá ibi jókòó sí lára mi, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ló yàn. Hàwáù ìyàwó mi sunkún tán, ó ní, "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́."

Wọ́n gé egungun tó bàjẹ́ náà kúrò. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ pe Pobè, atẹ́gùn lásán ni. Dókítà ní àwọn ti fi ẹ̀rọ ya àwòrán orí mi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Faransé, kí wọ́n lè fi irin rọ egungun mìíràn tó máa bá ojú mi mu gẹ́lẹ́. Mo fọwọ́ júwe pé kí wọ́n jẹ́ kó gùn díẹ̀, kí irùngbọ̀n mi lè dà bíi ti ààfáà. Ó ní bí Ọlọ́run ṣe dá mi ni wọ́n máa rọ ọ́. Mo ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Ta ló ń gba odi síṣẹ́ pé kó máa pe èrò?

Nígbà tí egungun náà dé, mo kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi Ṣàrífátù lórí fóònù. Ta ló sì ń fi àmì ohùn sórí irú ìyẹn? Mo ní: "Agbon mi ti de lati France. E maa bo."

Ekpè ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, láàárín igi àgbọn, ó sì mọ̀ pé nǹkan olómi nìkan ni mo ń mu. Ó gbé odidi àpò àgbọn wọ wọ́ọ̀dù mi ní ilé ìwòsàn tìbínú-tìbínú.

"Jímọ́ọ̀, omi àgbọn àwọn yòvó, àwọn òyìnbó, lo wá fẹ́ máa mu? Kí ni ti Ekpè ṣe ọ́?"

Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín. Èmi fẹ́ rẹ́rìn-ín, itọ́ ló dà sílẹ̀.

Wọ́n fi egungun náà sí i. Nígbà tí ojú ọgbẹ́ jiná, dókítà ní kí n gbìyànjú ọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi mú àgbọn kan sókè.

"Kí lèyí?"

Ètè mi pàdé díẹ̀díẹ̀. "Àgbọn."

Ó fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ẹnu mi. "Èyí ń kọ́?"

"Àgbọ̀n."

Ó di ojú mi mú, ó bú sẹ́kún, èmi náà bú sẹ́kún. Mo wá mí kanlẹ̀, mo la ẹnu tuntun náà: "Pobè! Pobè! Ó ku ẹnìkan!"

Bàbá orí bẹ́ẹ̀dì kejì bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà rẹ̀.