Bí Sàjẹ́ǹtì Gáríbà Kánò Ṣe Padà Di Ọmọ Ìsàlẹ̀ Òsì

Ọkùnrin tí ó wọ ọ́fíìsì wa láàárọ̀ ọjọ́ náà ga púpọ̀. Aṣọ ṣọ́jà tí ó ti ṣá ló wọ̀, ó fi àmì-ẹ̀yẹ ogun Jámánì sí àyà, ó sì di fìlà pupa rẹ̀ mú lọ́wọ́ bí ẹni tí ó wá tọrọ nǹkan. Mo rò pé Gàmbàrí ni. Mo fi ìwọ̀nba Háúsá tí mo gbọ́ kí i, torí ògbufọ̀ tí kò bá lè kí àlejò ní èdè rẹ̀, kí ló ń ṣe níbẹ̀? Ó wò mí títí, ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ Yorùbá. Ìsàlẹ̀ Òsì níbí ni wọ́n ti bí mi.”

Ògbufọ̀ ni mí nígbà náà ní ọ́fíìsì Àjẹ́lẹ̀ òyìnbó, ní ìhà Bẹẹrẹ. Àwa ará Ìbàdàn mọ ohun tó ń jẹ́ àjẹ́lẹ̀ dáadáa. Àwa fúnra wa là ń rán wọn lọ sí ìlú onílùú kí òyìnbó tó dé, tí wọ́n á máa jẹ iyán ọlọ́jà lófẹ̀ẹ́. Ìgbà tí òyìnbó wá fi tirẹ̀ jẹ lé wa lórí, a ò rẹ́ni fẹjọ́ sùn. Iṣẹ́ mi ni pé kí n dúró láàárín ọ̀gá àti ará ìlú, kí n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni yìí, kí n gbé e fún ẹni yẹn, kó má sì dà sílẹ̀ lọ́nà. Àgbàlagbà tó kọ́ mi níṣẹ́ náà máa ń sọ fún mi pé, “Má túmọ̀ ẹnu nìkan, ọmọ mi. Ẹnu a máa purọ́. Máa wo ọwọ́ wọn, máa wo eékún wọn.” Mo máa ń rò pé ọjọ́ ogbó ló ń dà á láàmú.

Gáríbà Kánò ni orúkọ tí ó wà nínú fáìlì ọkùnrin yìí ní bárékè. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni Bákàrè. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, tí ogun ilẹ̀ Yorùbá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, òyìnbó ń gba ṣọ́jà, ṣùgbọ́n Háúsá ni wọ́n ní àwọn ń fẹ́, torí wọ́n gbà pé Háúsá ló mọ ogun jà. Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ní ilẹ̀ tí Ìbàdàn wà. Ni àwọn ọ̀dọ́ wa tí ogun ti bọ́ lọ́wọ́ wọn bá wé láwàní, wọ́n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí “sánnu” lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò obì, wọ́n fún ara wọn lórúkọ Háúsá, wọ́n sì mú orúkọ ìlú kan ní Òkè Ọya, tí wọn ò dé rí, pé ibẹ̀ ni ilé àwọn. Akọ̀wé ṣọ́jà á kọ ìlú náà sílẹ̀, á tún fi ṣe orúkọ bàbá wọn. Bákàrè ní Kánò ló kọ́kọ́ wá sí òun lẹ́nu.

Irọ́ kékeré ni, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára títí iṣẹ́ fi parí. Ṣùgbọ́n nínú fáìlì ṣọ́jà kọ̀ọ̀kan, ìlà kan wà tí wọ́n ń kọ ilé rẹ̀ sí, ibẹ̀ sì ni ìjọba ń dá a padà sí lọ́jọ́ tí ó bá fẹ̀yìntì. Wọ́n ti sọ fún Bákàrè pé kí ó kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kánò. Bí kò bá fẹ́ lọ, kí ó lọ máa gbé Sábó láàárín àwọn àlejò.

“Mo jagun dé Kamẹrúùnù,” ló wí fún mi. “Ìbọn ò bà mí lẹ́rù tó ọkọ̀ ojú irin yìí. Ta ni mo mọ̀ ní Kánò? Bí mo bá kú síbẹ̀, ta ni yóò mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́?”

Mo ní, “Ṣé ẹ ò ní ará nílé yín ni?”

“Mo ní àbúrò. Ó ní òun ò mọ̀ mí.”

Ìdí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ilé Oníjánu ni ilé wọn, ìjánu ẹṣin ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ láti ayé àwọn ológun. Bàbá wọn ti kú. Búráímọ̀, àbúrò Bákàrè tí orogún ìyá rẹ̀ bí, ti di baálé ilé, ó ti jókòó sórí ipò ẹ̀gbọ́n tí gbogbo ayé rò pé ó ti kú. Ìgbà tí Bákàrè yọ sí i lẹ́nu ọ̀nà, ó ní Gàmbàrí ni, kí wọ́n lé e.

Àjẹ́lẹ̀ ránṣẹ́ pe Búráímọ̀ àti àwọn ọkùnrin ilé náà sí ọ́fíìsì. Ọ̀dọ́ ni Àjẹ́lẹ̀ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà, kì í ṣe ẹni burúkú, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni oúnjẹ rẹ̀. Mo fi àbàjà tí ó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ Bákàrè, tí aṣọ ṣọ́jà kò jẹ́ kí n kíyè sí lákọ̀ọ́kọ́, hàn án. Ó ní òun ti rí irú rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, òun ti rí i ní Ìsẹ́yìn, èwo nínú rẹ̀ ló ní Ìsàlẹ̀ Òsì lòun?

Búráímọ̀ dìde. Ọkùnrin tó fọkàn balẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ le nítorí iṣẹ́ awọ. Ó ní, “Àjẹ́lẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti kú sójú ogun. A ti ṣe àdúà rẹ̀, a ti ṣe sàráà rẹ̀. Mi ò mọ ṣọ́jà yìí rí.” Gbogbo àwọn tó bá a wá ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Bákàrè ní, “Búráímọ̀, wò mí lójú.”

Búráímọ̀ ń wo ilẹ̀. Mo túmọ̀ ohun tí ó wí fún Àjẹ́lẹ̀ láì yọ kúrò, láì fi kún un, nítorí ohun tí iṣẹ́ wí nìyẹn, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Àjẹ́lẹ̀ pa fáìlì dé. Ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n ilé tí ó wà nínú ìwé ni ilé. Bákàrè jókòó síbẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì gbọ́wọ́ sókè nù ún.

Mo tẹ̀lé Bákàrè jáde. Mo ní, “Bàbá, nínú àwọn ìyàwó ilé yín, ta ni ó bá yín nílé nígbà tí wọ́n gbé e wọlé?”

Ó ronú, ó ní, “Àṣàbí. Ìyàwó Búráímọ̀ fúnra rẹ̀ ni. Búráímọ̀ ló kọ́kọ́ gbéyàwó nínú wa, torí èmi ń tẹ̀lé àwọn ológun kiri. Ọmọge kékeré ni Àṣàbí nígbà náà, a máa bẹ̀rù mi.”

“Kí ló máa ń pè yín?”

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti rí i, ó rẹ́rìn-ín. “Agùntáṣọọ́lò.”

Mo padà wọlé, mo sọ fún Àjẹ́lẹ̀ pé kó jẹ́ ká lọ sí ilé náà. Ó ní, “Ta lo tún fẹ́ bi léèrè? Gbogbo wọn ti sọ̀rọ̀.” Mo ní a ò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun. Bóyá ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kó gbà, nítorí kò sí òyìnbó tí kì í fẹ́ mọ ìdí ohun tí kò yé e.

Àjẹ́lẹ̀, Bákàrè àti èmi lọ, a ò sì ránṣẹ́ sílẹ̀ kí a tó lọ. Ní agbo ilé náà, awọ ni wọ́n sá káàkiri, àwọn ọkùnrin ń rán ìjánu lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Búráímọ̀ rí wa, ó dìde, ó pàṣẹ sínú ilé pẹ̀lú ohùn tí gbogbo wa gbọ́: “Ẹ̀yin obìnrin, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má sọ̀rọ̀ o.” Àwọn obìnrin jáde, wọ́n kí Àjẹ́lẹ̀, wọ́n sì pa ẹnu mọ́. Àgbàlagbà kan wà láàárín wọn tí irun orí rẹ̀ ti funfun, tí gbogbo àwọn tó kù ń yẹra fún lójú ọ̀nà. Kò sẹ́ni tí yóò sọ fún mi kí n tó mọ̀ pé ìyálé ilé nìyẹn.

Mo ti sọ ohun tí yóò ṣe fún Bákàrè. Ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, “Àṣàbí, bu omi wá fún mi mu.”

Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ Yorùbá kò lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lágbo ilé yẹn. Ìyá àgbà tó ti ní ọmọ-ọmọ, ìyàwó baálé, tí àwọn ọkùnrin tó ní irùngbọ̀n ń pè ní Ìyá, ni àlejò kan pè lórúkọ gàdàgbà, tó sì tún ń rán níṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ Gàmbàrí láti Kánò ló dán an wò, àwọn ọmọ rẹ̀ ì bá ti gbá a létí. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ti sọ abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ti ń dìde. Mo mọ̀ pé bí ìyá yìí bá pòṣé kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ ti parí, ọkọ̀ ojú irin ti gbé ọkùnrin yìí lọ.

Ìyá náà wò ó. Ó yíjú, ó wọlé. Ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tí ó jáde, igbá omi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rìn gba iwájú ọkọ rẹ̀ kọjá, ó rìn gba iwájú òyìnbó kọjá, ó dé ọ̀dọ̀ ṣọ́jà náà, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, ó tọ́ omi náà wò, ó sì gbé e fún un.

Búráímọ̀ ní, “Àṣàbí, kí lò ń ṣe yẹn?”

Ìyá náà kò dìde. Ó ní, “Baálé, ẹ ní ká má sọ̀rọ̀, mi ò kúkú sọ̀rọ̀. Omi ni ọkọ mi ní kí n bù fóun.”

Àjẹ́lẹ̀ fà mí lápá, ó ní kí ló dé tí ìyá náà ń kúnlẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n bi í. Mo ní, “Ìyá, ta ni ọkùnrin yìí jẹ́ sí yín?”

“Ọkọ mi ni. Mo bá wọn nílé ni. Agùntáṣọọ́lò ni mò ń pè wọ́n láti ọjọ́ tí mo ti débí, orúkọ wọn ò ti ẹnu mi jáde rí títí dòní.” Ni ohùn rẹ̀ bá yí padà. “Ẹ mà pẹ́ kí ẹ tó dé, Agùntáṣọọ́lò. A ti sunkún yín tán.”

Mo túmọ̀ rẹ̀. Àjẹ́lẹ̀ wo Búráímọ̀, ó wo Bákàrè, ó ní ọkọ mélòó ni obìnrin yìí wá ní. Ó pẹ́ kí n tó mú un yé e pé gbogbo ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé ni ọkọ rẹ̀, kódà ọmọ ọwọ́, kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ wọn, orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ bá sọ wọ́n ni yóò máa pè títí ikú. Ó wá ní, “Nítorí náà, obìnrin yìí kò lè kúnlẹ̀ fún un àfi tí ọkùnrin náà bá ti wà nínú ilé yìí ṣáájú rẹ̀.” Ó yé e dáadáa ju bí mo ṣe rò lọ. Àwọn ọkùnrin tó bá Búráímọ̀ wá jẹ́rìí ní ọ́fíìsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi awọ bo ojú wọn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Ó ku bárékè. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n lè ní Bákàrè purọ́ fún ìjọba nígbà tí ó ń wọṣẹ́, kí wọ́n sì fìyà jẹ ẹ́. Mo bá Àjẹ́lẹ̀ lọ síbẹ̀, Bákàrè àti ìyàwó rẹ̀ tẹ̀lé wa. Ọ̀gágun tó wà níbẹ̀ ka ìwé Àjẹ́lẹ̀ tán, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ìdajì àwọn ará Kánò tí òun ní ni àbàjà wà lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn, òun ti ń ṣe kàyéfì rẹ̀ tipẹ́. Ó mú gègé, ó fi yíǹkì pupa fa Kánò pa lójú wa, ó kọ tuntun sókè rẹ̀. Mo kà á fún Bákàrè: ilé rẹ̀, Ìsàlẹ̀ Òsì, Ìbàdàn. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ní, “Ṣé o gbọ́?”

Mo ti fẹ̀yìntì báyìí, mo sì ti gba ẹnu àwọn ìjòyè, ọlọ́ṣà àti bíṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá ní kí n mú ọjọ́ kan tí mo lè fi yangàn, ọjọ́ tí mo sin Bákàrè délé ni. Ó yẹ kí n wà níbi iṣẹ́. A gba Bẹẹrẹ, a gba ẹ̀gbẹ́ Òkè Màpó, a la Ọjà'ba kọjá, ẹrù wà lórí àwọn ọmọ, gbogbo ẹni tó sì ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ẹni tí kò béèrè ni mo ń ròyìn fún. Nígbà tí a dé Ìsàlẹ̀ Òsì, àwọn ìyàwó ilé ti tò sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń kígbe Agùntáṣọọ́lò, ọkọ àwọn.

Búráímọ̀ jáde. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, níṣojú àdúgbò.

Bákàrè dúró lé e lórí. Ó wá ní, “Dìde. Ìwọ ni baálé ilé yìí, torí ipò yẹn kọ́ ni mo ṣe wá. Ibi tí n ó tẹ́ ẹní mi sí ni kó o fi hàn mí.”

Búráímọ̀ kò dìde. Láti ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti ní, “Yàrá yín ṣì wà. Mi ò fi ẹnikẹ́ni sínú rẹ̀. Ọdọọdún ni mo ń tún òrùlé rẹ̀ bò.”

“Kí ló wá dé tí o fi sẹ́ mi?”

“Ẹ̀rù ló bà mí, ẹ̀gbọ́n mi.”

Bákàrè bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e dìde, wọ́n sì di ara wọn mú. Mo dúró síbẹ̀, kò sẹ́ni tí ó wojú mi pé kí n túmọ̀.