Ọkọ̀ tí Bàbá Wọ̀-ọ́-wò Rán fún Ìyàwó Rẹ̀

Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò há sára ọkọ̀ Bàbá Wọ̀-ọ́-wò ni àdúgbò mọ̀ pé télọ̀ arúgbó náà kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin náà dé tòun tìwé lọ́wọ́, ó wo ọkọ̀ àtijọ́ tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó sì fi bàtà ta abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Irin ibẹ̀ ti dógùn-ún dénú. Bàtà wọlé, ẹsẹ̀ bá a wọlé, kò sì jáde mọ́.

"Bàbá, ọkọ̀ yìí ti kú!" ló ń pariwo.

"Ó ti kú?" Bàbá ti gíláàsì ojú rẹ̀ sókè. "Ta ló wá dì ọ́ lẹ́sẹ̀ mú yẹn?"

Ìyàwó Bàbá, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Màmá, ló fi omi ọṣẹ yọ ẹsẹ̀ náà. Inú ọkùnrin náà kò dùn rárá. Ó fún wọn lóṣù kan: bí wọn kò bá pààrọ̀ gbogbo irin tó ti dógùn-ún, wọ́n máa wá wọ́ ọkọ̀ náà lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin àlòkù. Màmá kò fẹ́ gbọ́ ọ. Ọkọ̀ yẹn ni ọkọ rẹ̀ fi gbé e wálé lọ́jọ́ ìgbéyàwó; inú rẹ̀ náà ló bí àkọ́bí wọn sí, torí ọmọ yẹn kò ní sùúrù dé ilé ìwòsàn.

Bàbá pe wẹ́dà tó ń jó irin. Wẹ́dà wo àwọn ihò náà, ó ní káwọn fi pọ́tì tí wọ́n fi ń lẹ ara ọkọ̀ dí wọn, káwọn kùn wọ́n lọ́dà.

"Ṣé àtíkè ni wọ́n fi ń wo egbò sàn nílé yín?" Bàbá yarí kanlẹ̀. "Gé gbogbo ibi tó ti jẹrà. Irin ni kó o fi rọ́pò irin."

"Bàbá, ojú àpá ò lè jọ ojú ara o."

"Àpá ò dùn mí. Egbò ni mi ò fẹ́."

Wọ́n gé e. Abẹ́ ilẹ̀kùn lọ, ilẹ̀ ọkọ̀ lọ. Nígbà tó kan wíwọn irin tuntun, Bàbá kó páálí, ṣọ́ọ̀kì àti téèpù jáde. Ogójì ọdún ló ti ń ránṣọ, kò sì jẹ́ kí oníbàárà kankan lọ láì wọ aṣọ rẹ̀ wò lójú òun; ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá ọmọ mi, wá jókòó sórí àga iwájú ọkọ̀."

"Kí n wá jókòó síbi tí kò nílẹ̀?"

"Ṣebí ìwọ lo máa ń jókòó síbẹ̀. Mi ò gé aṣọ rí láì wọn ẹni tó máa wọ̀ ọ́."

Wẹ́dà họrí. "Bàbá, tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kó wúwo lápá ibẹ̀ ni, ẹ jẹ́ ká gbé àpò sìmẹ́ǹtì sí i."

"Ṣé àpò sìmẹ́ǹtì ni mo fẹ́ níyàwó?"

Báyìí ni Màmá ṣe fi ọjọ́ mẹ́ta jókòó sínú ọkọ̀ tí kò nílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lórí iyanrìn, tó ń gán bọ́tìnì mọ́ aṣọ oníbàárà. Bí wẹ́dà bá fẹ́ jó irin, á bọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ tún un wọ̀n, á padà wọlé. Àwọn tó ń kọjá ń kí i pé, "Màmá, ẹ kú ìrìn àjò o."

"Látàárọ̀ la ti ń lọ," ló ń dáhùn, "a ò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà."

Bàbá tún ní kí wẹ́dà fi ààyè díẹ̀ sílẹ̀ létí irin, bí wọ́n ṣe máa ń fi sílẹ̀ létí aṣọ.

"Ọkọ̀ máa ń sanra ni, Bàbá?"

"Ọkọ̀ kọ́." Bàbá fojú tọ́ka sí Màmá. Màmá sì ju bọ́tìnì lù ú.

Oṣù pé, òṣìṣẹ́ náà padà dé. Ó firin gún ibí, ó fòòlù kan ọ̀hún, kò ríhò. Màmá wọnú ọkọ̀, Bàbá fi ìka kan ṣoṣo ti ilẹ̀kùn, ó sì dé.

"Fi bàtà ta á wò," ni Bàbá wí.

"Ẹ má ṣèyọnu, sà. Mo ti gbà."

Àmọ́ Màmá nìkan ni ilẹ̀kùn yẹn ń dé fún, torí bí ọkọ̀ ṣe ń tẹ̀ sílẹ̀ tó bá jókòó ni wọ́n ṣe wọn irin náà. Àkọ́bí wọn jókòó síbẹ̀, ó fà á títí, kò dé. Ó ní wẹ́dà ló bà á jẹ́.

"Ṣé ìwọ ni mo rán an fún ni?" ni bàbá rẹ̀ bi í.

Ọdún mẹ́sàn-án ni Bàbá tún fi gbé Màmá kiri kí ọlọ́jọ́ tó dé bá a. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, oúnjẹ kò wu Màmá jẹ mọ́, eruku sì bo ọkọ̀. Lọ́jọ́ kan, àkọ́bí mú ọkùnrin kan tó ń ra irin àlòkù wálé.

"Màmá, ẹ jẹ́ ó máa gbé e lọ. Ọkọ̀ yìí ti kú. Ilẹ̀kùn ẹ̀ gan-an ò dé."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Màmá dìde. Inú bí i, ó sì yà á lẹ́nu pé inú tún lè bí òun. Ó wọnú ọkọ̀, ó jókòó, ó fi ìka ti ilẹ̀kùn. Kò dé. Ó tún un tì. Kò dé.

Màmá wo apá rẹ̀ tó ti rù, ó wo itan rẹ̀, ó sì yé e.

"Ọkùnrin yìí!" Ẹ̀rín àti ẹkún jọ já lu ara wọn lẹ́nu rẹ̀. "Ó fààyè sílẹ̀ pé mo lè sanra. Kò rò ó rárá pé mo lè rù."

Ó ní kí àkọ́bí lọ gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú bàbá rẹ̀ wá láti ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ méjèèjì ni ọmọ náà fi gbé e. Màmá gbé e lé itan, ó fi ìka kan ti ilẹ̀kùn, ó sì dé.

"Ta lẹ ní ó kú?" ló ti ojú fèrèsé ọkọ̀ bi ọkùnrin tó wá ra irin. Ìyẹn ti ń wá ọ̀nà àtilọ.

Omi ti lé sójú àkọ́bí. Màmá wò ó, ó ní, "Lọ bu oúnjẹ wá fún mi. Kó o bù ú dáadáa o. Mi ò lè máa gbé áyọ́ọ̀nù bàbá ẹ kiri lórí itan."