Ọkọ̀ Tí Kò Tíì Mumi

Òórùn igi tó ti mumi yó ni mo fi ń rántí etí ọ̀sà Ọ̀jọ́ nígbà èwe wa. Àwọn bàbá wa kì í gbé ọkọ̀ tó ti pẹ́ lórí ilẹ̀ sójú omi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ rì í sínú omi tí kò jìn fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí igi rẹ̀ lè wú, kí ojú ibi tó là lè pa dé. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ wa. A bá a nílé ni.

Olùkọ́ wa kì í ṣe ará etí omi. Òkè ni wọ́n ti gbé e wá, ní ọdún mélòó kan ṣáájú òmìnira. Èèyàn dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó gbà pé ọ̀rọ̀ tí ọmọdé ò bá fojú rí kò lè yé e. Nígbà tó fẹ́ kọ́ wa ní sùúrù, ó gbé ìkòkò ẹ̀wà kaná níwájú kíláàsì, ó ní ká jókòó tì í títí yóò fi jinná. Nígbà tó kan ìgbẹ́kẹ̀lé, ó kó wa lọ sétí ọ̀sà.

Ó ní, "Ìgbẹ́kẹ̀lé ò láwọ̀, kò lóòórùn. Ẹni méjì á jókòó sínú ọkọ̀, wọn ò ní di ohunkóhun mú. Èmi ni màá wà á. Ẹ óò rí i báyìí."

Ọkọ̀ bàbá mi ló nawọ́ sí. Àìsàn ti dá bàbá mi dùbúlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́, ọkọ̀ náà sì ti wà ní ìdojúdé nínú oòrùn láti ìgbà náà. Mo rí ibi tó là, ó fẹ̀ tó ẹ̀yìn ọ̀bẹ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ lójú gbogbo kíláàsì pé mi ò gbẹ́kẹ̀ lé olùkọ́, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó ń kọ́ wa gan-an nìyẹn?

Ọ̀rẹ́ mi, ọmọbìnrin tá a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, ló kọ́kọ́ wọlé. Ọmọ àgbẹ̀ láti Ìbà ni, kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ọmọ apẹja tó ń sá fómi. Máa bọ̀ jàre, ṣebí tíṣà ló ń wà á."

Mo wọlé.

A ti kúrò níbi tí ẹsẹ̀ ti ń tólẹ̀ kí omi tó bo ọrùn ẹsẹ̀ wa. Ọ̀rẹ́ mi ò di ohunkóhun mú títí ọkọ̀ fi dojú dé. Mo lúwẹ̀ẹ́ dé èbúté. Àwọn Ẹ̀gùn tó ń dẹ àwọ̀n fa olùkọ́ jáde. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí òkú ọ̀rẹ́ mi.

Nígbà tí àwọn àgbà pè wá jọ, wọ́n bi wá bóyá ẹnì kan mọ̀ pé ọkọ̀ náà ò tíì mumi. Ìyá ọ̀rẹ́ mi jókòó níwájú mi. Mo ní, "Rárá, bàbá." Wọ́n gbé olùkọ́ kúrò nílùú wa, gbogbo ẹ̀bi sì bá a lọ.

Láti ìgbà náà ni ìyá yẹn ti ń pè mí lọ́mọ òun. Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbé e mọ́, ó fi kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ sí mi lọ́wọ́, ó ní èmi nìkan ni òun gbẹ́kẹ̀ lé láyé yìí. Irin tútù ni, ó wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi kọ́kọ́rọ́ náà sápò.