Ẹlẹ́yẹ Tí Ràímì Mú

Èmi àti Ràímì ajórinmọ́rin jọ ń gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Soldier Town, ní Banjul. Bí ẹ bá rí i nírọ̀lẹ́ tó bá ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Kanifing, lẹ́yìn odò, dé, àánú á ṣe yín: ojú rẹ̀ á pọ́n, èjìká á ti sọ̀ kalẹ̀, á máa wọ́ ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn. Bí mo bá ní "ẹ kú iṣẹ́," èsì kan náà ni: "Ìyá Habeeb, ó ti rẹ̀ mí." Mo ti gbọ́ ọ títí ó fi sú mi.

Kò lè kó lọ sí ẹ̀bá ibi iṣẹ́ rẹ̀, nítorí obìnrin tó wà nínú yàrá rẹ̀. Àmínát lorúkọ obìnrin náà. Àjẹ́ ni. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, èmi fúnra mi ni mo máa ń gbá ìyẹ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà wọn.

Ní ọdún 1995, Ràímì ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ẹyẹ kan ń bà lórí òrùlé àwọn ará wa oníṣòwò ní Serekunda. Wọ́n ní ibi tó bá bà, àìsàn ló ń wọ ibẹ̀. Ràímì fi àwọ̀n ẹja mú un lórí igi máńgòrò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, obìnrin ni wọ́n bá nínú àwọ̀n. Àwọn àgbà ní kí wọ́n lù ú pa. Ràímì kọ̀. Ó ní òun yóò mú un lọ sí Banjul, nítorí omi iyọ̀ ló yí ìlú náà ká, àjẹ́ tí omi iyọ̀ bá sì yí ká kò lè fò. Kò tilẹ̀ lè fẹsẹ̀ jáde, kò sì lè fẹsẹ̀ wọlé, àfi bí ẹni tó kọ́kọ́ mú un sọdá bá dì í lọ́wọ́ mú. Ràímì búra pé bó bá jáde, kí wọ́n wá bi òun.

Àwọn ọdún àkọ́kọ́, èébú lásán ni. "Wọ́dà" ni Àmínát ń pè é, Ràímì náà kò sì jẹ́ fẹnu kan ọbẹ̀ rẹ̀. Àfi ìgbà tí iná irin ba ojú Ràímì jẹ́, tí kò ríran fún ọjọ́ díẹ̀. Àmínát ló ń gé ọ̀dùnkún tútù lé e lójú, tó ń fún un lóúnjẹ. Mo sọ nínú ọkàn mi pé ọgbọ́n ni, bí Ràímì bá kú, ta ni yóò mú un sọdá? Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ̀rín yẹn kì í ṣe ti ọgbọ́n. Láti ìgbà náà ó di "wọ́dà mi" àti "ẹlẹ́yẹ mi", wọ́n sì jọ ń sùn lórí ẹní kan.

Àwọn àgbà tí Ràímì búra fún kú, àwọn tó kù padà sílé. Kò sẹ́ni tí yóò bi í mọ́, síbẹ̀ kò mú un jáde. Ẹ̀rù ló ń bà á pé yóò fò lọ láì padà. Mo ní, "Ṣé ìfẹ́ nìyẹn, Ràímì?" Inú bí mi gan-an.

Ní ọyẹ́ ọdún 2014, Àmínát gbá ìyẹ́ jọ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi hàn án. Ó ní, "Àìfò ló ń já a, ó ti fẹ́ tán. Bí èyí tó kù bá já, n kò ní í fò mọ́ títí n ó fi kú. Mú mi sọdá, Ràímì." Kò pè é ní wọ́dà.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ràímì dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n fẹsẹ̀ rìn kọjá afárá Denton tó jáde kúrò ní Banjul. Nígbà tí wọ́n dé òdìkejì, Ràímì tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó yí padà, kò wẹ̀yìn. Ó délé, ó kọjú sí ògiri, ó sùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń ti Serekunda bọ̀ nínú gèlégèlé, ọkọ̀ èrò wa, mo bá rí obìnrin kan lórí òkúta lẹ́sẹ̀ afárá ní òdìkejì yẹn, gèlè rẹ̀ ti tú. Àmínát ni. Mo sáré gun àtẹ̀gùn ilé wa.

"Ràímì! Ìyàwó rẹ wà lẹ́sẹ̀ afárá bí ẹrù tí kò lólúwa, ìwọ ń hanrun!"

Kò wọ bàtà tó fi sáré jáde. Mo tẹ̀lé e.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Àmínát, Ràímì ní, "O ò lọ?"

"Mo lọ. Mo fò títí ọkàn mi fi balẹ̀. Mo padà dé, o ò sí níbí. Ta lo fẹ́ kó mú mi wọlé?"

Ẹkún gbọn ọkùnrin náà. Àmínát ní, "Má sunkún. Pé o mú mi, n kò tíì dárí rẹ̀ jì ọ́ tán. Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí, wọ́dà mi. Mú mi lọ sílé."

"Bí o bá tún fẹ́ jáde ńkọ́?"

"Wàá mú mi jáde, wàá sì jókòó dè mí."

Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, Ràímì ló ń jókòó lórí òkúta yẹn, tòun ti búrẹ́dì lọ́wọ́, tó ń wojú ọ̀run. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òjò ṣú, mo ní kí awakọ̀ dúró, mo pè é kó wọlé ká jọ máa lọ.

Ó ní, "Ìyá Habeeb, ó ti rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ, kò ní lè wọlé."