Bàbá Thongyot, Agbẹnusọ fún Ẹnu Tó Padé

Ẹ dákun, ohunkóhun tí ẹ bá ń ṣe lọ́wọ́, ẹ gbé e sílẹ̀ ná, kí ẹ gbọ́ èyí, torí mi ò lè dá a gbé sínú mọ́. Gbogbo Ban Phai, ìlú wa yìí, ló mọ Bàbá Thongyot, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì gbọ́ ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Khamsing dágbére fún Duangchai kò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Inú fíìmù ni Khamsing wà. Fíìmù òyìnbó ni, ti àwọn tó wọ ọkọ̀ lọ sí ojú ọ̀run láti wá ayé mìíràn. Láyé ìgbà yẹn, fíìmù tó bá dé abúlé wa kì í bá ohùn wá. Àwọn méjì ló máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ pẹ̀lú máìkì lọ́wọ́, tí wọ́n á máa sọ̀rọ̀ fún gbogbo ẹni tó bá yọjú lára aṣọ funfun tí wọ́n ń tan fíìmù sí. Bàbá Thongyot ló ń sọ ti ọkùnrin, ti ọba, ti ẹkùn àti ti ìjì. Àǹtí Bualai ló ń sọ ti obìnrin, ti ọmọdé àti ti ẹyẹ. Orúkọ òyìnbó kì í dúró lẹ́nu àwọn ará oko, ìdí nìyẹn tí ọ̀gá ọkọ̀ fi di Khamsing, tí obìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ atẹ́gùn fi di Duangchai. Ìràwọ̀ tí wọ́n ń lọ, Bàbá ní ó fi díẹ̀ kọjá Kalasin, ìlú tí kò jìnnà sí wa.

Ẹni tó bá lójú á rí i pé ìfẹ́ wà láàárín àwọn méjèèjì, àmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù dé òpin rẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde. Nígbà tó yá, Duangchai ní láti dá wọ ọkọ̀ kékeré kan lọ sí ibi tí ẹni tó lọ kì í bọ̀. Khamsing gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì. Duangchai gbé tirẹ̀ lé e láti òdìkejì. Wọn ò la ẹnu. Ẹni tó ṣe fíìmù náà fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Bàbá Thongyot ni kò fẹ́.

Ó gbé máìkì sẹ́nu, ó fi ohùn Khamsing sọ pé, "Duangchai, láti ọjọ́ tí mo ti rí ẹ níbi tó o ti ń tún ẹ̀rọ ṣe, tí òróró yí ẹ lójú, ni oorun ti dá lójú mi. Mo fẹ́ràn ẹ."

Tíṣà kan tó ti ìlú Khon Kaen wá dìde lórí ẹní. Ó ní ẹnu ọkùnrin yẹn padé, ó padé pinpin, báwo ló ṣe wá ń sọ̀rọ̀? Bàbá kò gbé máìkì sílẹ̀, kò sì yí ohùn padà. "Tíṣà," ni Khamsing wí, "atẹ́gùn ò sí lójú ọ̀run. Ẹni tó bá la ẹnu níbẹ̀, ó ti kú nìyẹn."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ títí. Ó wá ku kí Duangchai fèsì. Gbogbo abúlé kọjú sí Àǹtí Bualai, àwọn tó ń yan ẹja gbígbẹ gbàgbé ẹja sórí iná. Bualai wo Thongyot, ó wo aṣọ funfun, ó fa máìkì mọ́ra. "Ọ̀gá," ó ní, "ìrẹsì yín ti ń tutù."

Ilẹ̀ ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ya fún ẹ̀rín. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ọkọ̀ olóògùn ni wọ́n jọ ń bá kiri. Ọ̀fẹ́ ni fíìmù, oògùn aràn àti ti orí fífọ́ ni wọ́n ń tà láàárín rẹ̀. Níbi tí ẹkùn bá ti fẹ́ bẹ́ mọ́ èèyàn ni àwọn olóògùn yòókù ti máa ń dá ẹ̀rọ dúró kí wọ́n tó tajà. Ní ti Bàbá, ibi gíláàsì ni. Á ní àyà Khamsing ń já, kò sì ní lè sọ̀rọ̀ àfi tí àpótí yìí bá ṣófo. Ìyá arúgbó kan ní abúlé Dong Noi ra oògùn aràn mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ kò ní aràn kankan nínú. Ó ní òun ò lè jókòó máa wo ọmọ ọlọ́mọ kí ìfẹ́ máa pa á lọ.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ló kàn yìí. Lọ́jọ́ kan, ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Khon Kaen, Bàbá rí ojú Khamsing lára ìwé kan. Wọ́n ti sọ fíìmù náà di ìwé ìtàn, wọ́n sì ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa. Bàbá ní kí ìyá tó ń tà á gba ìdajì owó, torí òun ti wo fíìmù rẹ̀, òun ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ìyá náà gbé ìwé, ó dì í mú létí méjèèjì, ó bi í léèrè ìdajì tí kò tíì mọ̀, kí òun ya á fún un. Bàbá sanwó pé.

Ó kà á nínú ọkọ̀ títí tí Ban Phai fi kọjá, Mueang Phon níwájú ló ti sọ̀. Ní ojú ìwé àádọ́rùn-ún, òǹkọ̀wé wọ inú Khamsing lọ, ó kọ gbogbo ohun tí kò lè fẹnu sọ: pé ó fẹ́ràn Duangchai, láti ọjọ́ tó ti rí i níbi tó ti ń tún ẹ̀rọ ṣe. Òróró nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Kíá ni Bàbá padà sí Khon Kaen, ó wá tíṣà ọjọ́ yẹn dé iléèwé, ó ṣí ìwé náà sí i lójú níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Tíṣà kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní ìwé nìwé, fíìmù ni fíìmù. "Tíṣà," Bàbá ní, "ẹnu ló yàtọ̀. Inú kan náà ni."

Àmọ́ nǹkan kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ka ìwé náà. Òǹkọ̀wé wọ inú Khamsing, ó wọ inú dókítà, ó tilẹ̀ wọ inú ajá tó wà nínú ọkọ̀. Kò wọ inú Duangchai rí. Bàbá bá lọ bá Bualai níbi tó ti ń ká aṣọ funfun.

"Bualai, ọdún mẹ́ta rèé tó o ti ń ṣe ẹnu fún obìnrin yìí. Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, wọn ò kọ ọ́ fún mi."

"Tó bá jẹ́ ìwọ ni wọ́n ní kó o kọ ọ́ ńkọ́?"

Bualai so okùn mọ́ aṣọ náà, ó fà á le. "Ẹni tó bá fẹ́ mọ inú obìnrin, kì í ṣe ìwé ló máa bi. Kì í sì í ṣe Khamsing ló máa rán."

Bàbá ní òun ti gbọ́. Ó lọ ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kẹrin.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í bá ohùn wá láti Bangkok. Ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀ ránṣẹ́ sí Bualai pé kó wá máa fi ohùn ṣiṣẹ́ fún àwọn, wọ́n fi tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin kún un. Wọn ò ránṣẹ́ sí Bàbá. Wọ́n ti gbọ́ pé ohùn rẹ̀ kì í dúró lórí ohun tí wọ́n bá kọ.

Ẹ̀bá odò Chi ni wọ́n ti jọ sọ̀rọ̀ fún fíìmù kẹ́yìn. Fíìmù Khamsing ni àwọn ará ibẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún. Àpò Bualai wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ní ìdájí ni ọkọ̀ rẹ̀ máa gbéra. Gbogbo èèyàn ló ti há ọ̀rọ̀ Khamsing sórí, ohun tí wọ́n sì ń retí nìyẹn. Bàbá náà mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Ṣùgbọ́n tó bá sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe Khamsing ló sọ ọ́ mọ́. Tí kò bá sì sọ ọ́, Bualai lọ nìyẹn.

Khamsing gbé ọwọ́ lé gíláàsì. Máìkì wà lẹ́nu Bàbá. Ohùn kankan ò jáde. Àwọn tó ń jẹun dá ẹnu jíjẹ dúró. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní àfàìmọ̀ kí ẹ̀rọ má ti bàjẹ́.

Ìgbà yẹn ni ohùn Duangchai dún, tòun ti ẹnu rẹ̀ tó padé. "Ọ̀gá, ẹ̀yin tí ẹ ń bá ẹkùn sọ̀rọ̀, tí ẹ ń bá ìjì sọ̀rọ̀. Ṣé èmi nìkan ni ẹ ò wá lè bá sọ̀rọ̀ ni?"

Kò sẹ́ni tó tún wo aṣọ funfun mọ́. Fíìmù ká tán lórí ẹ̀rọ, ìmọ́lẹ̀ funfun bo gbogbo ibẹ̀, gbogbo èèyàn sì rí i tí Bàbá gbé máìkì sílẹ̀, tí òun àti Bualai rìn lọ sẹ́yìn ọkọ̀ olóògùn. Ohun tí wọ́n bára wọn sọ níbẹ̀, etí kankan ò gbọ́ ọ.

Ọkọ̀ ojú irin lọ láìsí Bualai. Ọdún méjìdínlógójì ni òun àti Bàbá fi jọ ń din ẹyin fún àwọn arìnrìn-àjò lẹ́nu ọ̀nà ibùdó ọkọ̀ Ban Phai. Ẹni tó bá ti jókòó jẹun, Bàbá á ròyìn ohun tí òun sọ lẹ́yìn ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ Ajé, ewì ni. Tó bá di Ọjọ́bọ̀, orí ìkúnlẹ̀ ló ti sọ ọ́. Tí ọkọ̀ bá ń bọ̀, á gé e kúrú. Tí ọkọ̀ bá pẹ́, odò Chi á kún títí dé ìdí wọn. Ọkùnrin kan tó ń lọ sí Udon pàdánù ọkọ̀ rẹ̀ nítorí ìtàn náà. Kò bínú, ó ní kí Bàbá tún un sọ.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹyin ni Àǹtí Bualai ń yí.

Àsìkò òjò èṣí ni Bàbá kú. Ilé tí mò ń gbé ló tẹ̀ lé tiwọn, mi ò sì lè mú un mọ́ra. Nígbà tí àlejò tán, mo bi Àǹtí pé kí ni Bàbá sọ gan-an lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú.

"Kò sọ nǹkan kan. Ó gba àpò lọ́wọ́ mi, ó gbé e kọ́ èjìká ara rẹ̀, ó wá dúró."

Mo ní lẹ́yìn ìgbà yẹn ńkọ́, nínú gbogbo ọdún yẹn?

"Kò sọ ọ́ rí."

"Kò dùn yín, Àǹtí?"

"Ó dùn mí fún bí ọdún méjì. Nígbà tó yá ni mo kíyè sí i pé kò sí àárọ̀ kan tí mo jí bá iná tí kò tíì jó. Òun ló máa ń dìde ṣáájú, á dáná, á sì padà wá sùn bíi pé kò ṣe nǹkan kan." Ó fi kún un: "Mo wá ní kó máa wí tirẹ̀ fáwọn oníbàárà. Mo kúkú ń gbọ́."

Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ fún yín o. Àmọ́ tí ẹ bá gba Ban Phai kọjá, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ ra ẹyin, kí ẹ sì bi Àǹtí Bualai léèrè ohun tí ọkọ rẹ̀ bá a sọ lẹ́yìn ọkọ̀ olóògùn. Á gbé ṣíbí sílẹ̀, á rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ohùn ọkùnrin, òun tí kò sọ ti ọkùnrin rí láyé rẹ̀, á sì sọ ọ́ fún yín látòkè délẹ̀. Ó gùn ju ti Bàbá lọ, ó sì dùn jù ú lọ. Ẹ lọ, kí ẹ fojú ara yín wo ojú rẹ̀ tó bá ń sọ ọ́.